Ìjọba Àtijọ́ àti Ìpín Ẹ̀yà Òde Òní: Àyẹ̀wò Minna àti Àgbègbè Rẹ̀

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá rin ìrìn àjò láti Mokwa lọ sí Bídà, tí ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Agaie, èdè kan ni yóò máa gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn onílé. Èdè náà ni Tápà, tí àwọn tí ó ni ín ń pè ní Nupe. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kúrò ní Minna, tí ó gba Zungeru àti Tegina lọ sí Kagara, tí ó sì yà sí àwọn abúlé tí ó wà láàrin òkè, yóò rí i pé bí abúlé ti ń yí padà ni èdè ń yí padà. Yóò bá Gbágyì pàdé, yóò bá Kàmúkù, Baushi, Pongu, Ura, Fungwa àti Gurmana pàdé. Àwọn tí ń sọ òmíràn nínú àwọn èdè wọ̀nyí kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Ìpínlẹ̀ Niger kan náà ni Mokwa àti Kagara wà. Kí ni ó wá fà á tí ẹ̀yà fi pọ̀ jọjọ ní apá kan, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní apá kejì?

Ìdáhùn tí ó sábà máa ń wà lẹ́nu ènìyàn ni pé bí Elédùmarè ti dá wọn nìyẹn. A gbà pé Tápà ti jẹ́ Tápà láti ìwáṣẹ̀, pé Yorùbá ti jẹ́ Yorùbá láti ìwáṣẹ̀, àti pé ìjọba kàn wá bá wọn bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ẹ̀yà tí ó wà ní àgbègbè kan lónìí jẹ́ àpá tí ìjọba àtijọ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí ọba aláṣẹ ti jókòó pẹ́, ẹ̀yà púpọ̀ ti di ọ̀kan. Níbi tí ọwọ́ ọba ti ń dé láti kó ẹrú, ṣùgbọ́n tí ọba kò jókòó ṣàkóso, ẹ̀yà kéékèèké ni ó kù. Níbi tí ìjọba amúnisìn sì ti la ojú irin, gbogbo ẹ̀yà ni ó pàdé. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a lè rí ní àyíká Minna láìrìn jìnnà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ wò.

Ilẹ̀ Tápà: bí púpọ̀ ṣe di ọ̀kan

Ìtàn àbáláyé Tápà bẹ̀rẹ̀ láti orí Tsoede, tí àwọn mìíràn ń pè ní Edegi. Ìtàn náà sọ pé ọmọ ọba Ìgàlà kan lọ ṣọdẹ dé ilẹ̀ Tápà, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Nígbà tí ó ń padà sí Ìdá, ó fi òrùka sílẹ̀ fún obìnrin náà tí ó ti lóyún. Tsoede ni ọmọ tí a bí. Ní àkókò yìí, ẹrú ni àwọn ìlú Tápà fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Àtá Ìgàlà, Tsoede sì wà lára àwọn tí a kó lọ. Òrùka náà ni baba rẹ̀ fi dá a mọ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ọkọ̀ ojú omi onídẹ sá kúrò ní Ìdá, ó kó àwọn ohun ọlá ọba dání, ó sì fi wọ́n sọ àwọn ìlú tí ó túká di ìlú ọba kan. Orúkọ rẹ̀ ni ìtàn so mọ́ àwọn ère idẹ tí a bá ní Tada àti Jẹ́bà, ní etí Odò Ọya.

Òpìtàn lè ṣiyèméjì sí ọkọ̀ onídẹ. Ó sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn bóyá ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni Tsoede gbé ayé tàbí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn náà ń sọ nípa ìṣèjọba kò ṣókùnkùn. Kí ọba kan tó jẹ lórí wọn, Tápà kì í ṣe ẹ̀yà kan. Beni wà, Kede tí ó ni odò wà, Bataci, Ebe àti Dibo wà. S. F. Nadel, tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn ní àwọn ọdún 1930, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ A Black Byzantium jáde ní 1942, rí i pé àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ṣì mọ ara wọn lọ́tọ̀. Síbẹ̀ wọ́n gbà pé Tápà ni gbogbo àwọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni Ẹtsu kan tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, oyè tí wọ́n ń dù láàfin kan náà, ọjà tí wọ́n jọ ń ná, àti ogun tí wọ́n jọ ń lọ.

Agbára ìjọba láti sọ àjèjì di ọmọ ilé hàn jù lọ ní Bídà. Àwọn Masaga tí ń ṣe dígí níbẹ̀ sọ nínú ìtàn wọn pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá, títí kan ilẹ̀ Íjíbítì. Àwọn Konu tí ń hun aṣọ jẹ́ ìran àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú wá sí ìlú náà. Masaga di Tápà, Konu náà di Tápà. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbàgbé èdè wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ààfin ń fẹ́, abẹ́ ààfin ni wọ́n ń gbé, èdè ìlú ọba sì ni àwọn ọmọ wọn ń sọ. Ìran kan kọjá, èkejì kọjá, ó parí.

Orí òkè: ibi tí ọba kò jókòó

Àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé ìyèkan ni èdè Tápà àti èdè Gbágyì. Láti ara ìyá kan ni wọ́n ti pínyà. Nítorí náà, bí a bá fi àwọn méjèèjì wéra, a óò rí ohun tí ìjọba lè ṣe àti ohun tí àìsí rẹ̀ lè fà. Tápà ní ọba kan, ó sì di ẹ̀yà kan tí ó gba gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà láàrin Odò Ọya àti Odò Kàdúná. Gbágyì kò ní ọba kan lórí gbogbo wọn. Ìlú kéékèèké ni wọ́n ń dá sílẹ̀, olórí kọ̀ọ̀kan sì ń ṣàkóso ìlú tirẹ̀. Lónìí, a rí wọn káàkiri Ìpínlẹ̀ Niger, Kaduna, Nasarawa, Kogi àti agbègbè olú ìlú orílẹ̀-èdè ní Àbújá. Ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń ka Gbágyì àti Gbari sí èdè méjì.

A kò gbọdọ̀ rò pé nítorí tí wọn kò ní ọba ńlá, ọba ńlá kò kàn wọ́n. Wọ́n wà láàrin àwọn tí ń wá ẹrú. Ẹlẹ́ṣin Bídà ń wá láti gúúsù, ti Zaria ń wá láti àríwá, ti Kontagora sì ń wá láti ìwọ̀-oòrùn. Orí òkè ni ààbò wà. Orí òkè ni ìtàn sọ pé àwọn Gbágyì tí ó dá Minna sílẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké bíi Kàmúkù àti Baushi náà di òkè wọn mú. Ẹni tí ó sá gun òkè kò lè na ọjà ọ̀nà jíjìn, kò lè fi ọmọ fún ọkọ ní ìlú tí ó jìnnà, kò sì ní ààfin tí yóò lọ. Èdè òkè kọ̀ọ̀kan a sì máa yà kúrò lára ti èkejì.

Yorùbá kò ṣàìmọ irú nǹkan báyìí. Nígbà tí ogun tú ìlú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n wá ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan sì mú orúkọ àti oyè rẹ̀ dání wá sí Abẹ́òkúta. Ní ilẹ̀ Éṣíà náà, James C. Scott kọ ìwé kan ní 2009, The Art of Not Being Governed, nínú èyí tí ó ti jiyàn pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà orí òkè ní ìlà-oòrùn gúúsù Éṣíà jẹ́ ìran àwọn tí ó sá fún owó òde àti iṣẹ́ tipátipá àwọn ọba pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà, nítorí pé ẹrú ni wọ́n ń wá kó ní òkè àyíká Minna ju owó òde lọ. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì já sí.

Èdè ta ni ó borí?

Ìgbà jíhàdì jẹ́ kí a lè yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí pé irú aṣẹ́gun kan náà ni ó wọ ilẹ̀ tí kò rí bákan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, aáfà Fúlàní kan, Mallam Dendo, wọ inú ìjà àwọn ọmọ ọba Tápà. Ó ń gbe ọ̀kan lẹ́yìn, ó ń já èkejì kulẹ̀, títí agbára fi bọ́ sí ọwọ́ ilé rẹ̀. Raba ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Láti 1857 ni Bídà ti di olú ìlú wọn. Ilé mẹ́ta, ti Usman Zaki, ti Masaba àti ti Umaru Majigi, ni oyè Ẹtsu ń yí ká títí di òní.

Bí ó bá jẹ́ pé èdè aṣẹ́gun ni ó máa ń borí, Fúlàní ni ó yẹ kí Bídà máa sọ. Ṣùgbọ́n èdè Tápà ni àwọn ìdílé ọba yìí ń sọ. Bákan náà ni ó rí ní Ìlọrin, níbi tí ìran Àlímì gba ìjọba lẹ́yìn Àfọ̀njá. Fúlàní ni ìran wọn, ìmàle ni ẹ̀sìn wọn, Yorùbá ni èdè ìlú náà títí di òní.

Ní Kontagora àti ní Àbújá àtijọ́, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Umaru Nagwamatse, ọmọ ìdílé Sókótó, ni ó dá Kontagora sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Kàm̀bàrí, Kàmúkù àti Gbágyì wà lára àwọn tí ó bá jà. Àbújá ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú tí ìdílé ọba Háúsá tí jíhàdì lé kúrò ní Zaria wá tẹ̀dó láàrin àwọn Gbágyì àti Koro. Abu Ja ni ó dá a sílẹ̀ ní 1828. Ìlú yìí kan náà ni a ń pè ní Suleja lónìí, láti ìgbà tí a ti gba orúkọ rẹ̀ fún olú ìlú Nàìjíríà tuntun. Ní Kontagora àti Suleja, Háúsá ni èdè ààfin, Háúsá sì ni èdè ọjà.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ní Bídà àti Ìlọrin, ìjọba àtijọ́ ti ṣiṣẹ́ kí aṣẹ́gun tó dé. Àwọn Ẹtsu ti so Tápà pọ̀, àwọn Aláàfin náà sì ti so ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pọ̀. Èdè ńlá ni aṣẹ́gun bá, èdè náà sì gbé tirẹ̀ mì. Ní Kontagora àti Àbújá, èdè púpọ̀ ni aṣẹ́gun bá, kò sì sí èyí tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Èdè rẹ̀ ni ó wá di afárá láàrin wọn. Nítorí náà, ìjọba kejì kì í kọ̀wé sí ojú pátákó òfìfo. Orí ohun tí ìjọba kìn-ín-ní ti kọ ni ó máa ń kọ tirẹ̀ sí.

Ẹnìkan lè takò wá pé ilẹ̀ ni ó fa gbogbo èyí, kì í ṣe ọba. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ rọrùn fún ẹṣin, odò rọrùn fún ọkọ̀, òkè kò sì rọrùn fún èyíkéyìí. Òtítọ́ wà nínú àtakò yìí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ilẹ̀ ran ọba Tápà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan kò tó. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà ní ìhà Kontagora, ẹ̀yà ibẹ̀ sì pọ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba rẹ̀ fọ́, ní nǹkan bí 1836, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ sí gúúsù, ó sì di ahoro. Ilẹ̀ kò yí padà. Ìjọba ni ó yí padà.

Yorùbá náà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn odò ni a ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ààlà tí ó wà láàrin Yorùbá àti Tápà kì í ṣe ààlà ẹ̀jẹ̀. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ọmọ Ẹlẹ́m̀pe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó. Ìtàn kan náà ni ó sọ pé Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó fi di èrò ilẹ̀ Ìbàrìbá, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ìgbòho. Eégún Ìgunnukó, tí ó ń jáde ní Èkó àti ní ibòmíràn, ilẹ̀ Tápà ni ó ti wá.

Orúkọ wa pàápàá ń fi iṣẹ́ ìjọba hàn. Láti ọ̀nà àríwá ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, dárúkọ Yorùbá nínú ìwé kan tí ó kọ ní 1615. Nígbà tí ó yá, Ọ̀yọ́ ni àwọn ènìyàn fi orúkọ náà ń pè. Ní 1800, ará Ìjẹ̀ṣà tàbí ará Ìjẹ̀bú kò ní dáhùn sí i bí orúkọ ara rẹ̀. Ìjọba Ọ̀yọ́ kò kó gbogbo ilẹ̀ yìí tán. Ilé ẹ̀kọ́, ìjọ Ọlọ́run àti ìwé ni ó parí iṣẹ́ náà. Samuel Ajayi Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Gbogbo Bíbélì sì jáde lédè Yorùbá ní 1884. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ ń bá Ìbàdàn jagun ní Kírìjí, láti 1877 dé 1886, ìwé kan náà ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ní ilé ẹ̀kọ́. A rí i, nígbà náà, pé ìjọba nìkan kọ́ ni ó ń so ẹ̀yà pọ̀. Ìwé lè ṣe iṣẹ́ tí ìdà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù lọ ni àwọn ìbátan wa ní ilẹ̀ Òkun, èyí ni Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹlẹ́ṣin Bídà kó wọn lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ni ọmọ ogun Royal Niger Company fi kọ́kọ́ dé Kàbà kí wọ́n tó ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìn-ín-ní 1897. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó ń pín ilẹ̀, apá àríwá ni ó fi wọ́n sí. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ ní 1957 sí 1958, kò sì dábàá ìpínlẹ̀ tuntun kankan. Ilẹ̀ Òkun di ara Kwara ní 1967, ó sì di ara Kogi ní 1991. Ẹṣin Bídà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ó là ṣì wà lórí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ojú irin àti Minna

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, ọmọ ogun Lugard gba Bídà àti Kontagora. Wọ́n mú Ibrahim, ọba Kontagora, ní 1902. Ní 1903, wọ́n dá a padà sórí oyè. Nínú ìpadàbọ̀ yìí ni a ti rí ìṣe ìjọba amúnisìn. Ó fòpin sí ìkógun ẹrú, ṣùgbọ́n ó tún fi ẹni tí a ń kó lẹ́rú sábẹ́ àṣẹ ẹni tí ń kó o. Ó mú àkọsílẹ̀ orúkọ dání pẹ̀lú. Gwari, orúkọ tí Háúsá ń pe Gbágyì, ni ó wọ inú ìwé ìjọba. Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíràn ni ìjọba wò kí ó tó sọ Gbágyì lórúkọ.

Ojú irin ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Èyí tí ó ti Baro, ní etí Odò Ọya, lọ sí Kánò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Èyí tí ó ti Èkó wá dé Jẹ́bà ní 1909. Minna ni àwọn méjèèjì ti pàdé, nígbà tí ó sì fi di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó dé Kánò. Ibi tí ojú irin bá ti pàdé, ènìyàn á pàdé níbẹ̀. Yorùbá wá ṣòwò, Igbo wá ṣe akọ̀wé, Háúsá àti Tápà wá, àwọn Gbágyì tí ó ni ilẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Minna ni a bí Cyprian Ekwensi, òǹkọ̀wé Igbo, sí ní 1921. Zungeru tí kò jìnnà síbẹ̀ ni a bí Nnamdi Azikiwe sí ní 1904. Háúsá yọ̀ mọ́ Azikiwe lẹ́nu nígbà èwe rẹ̀ ju Igbo lọ, tí baba rẹ̀ fi rán an lọ sí Onitsha láti lọ gbọ́ èdè ìran rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí orúkọ àdúgbò Minna: Sabon Gari, Tudun Wada, Makera, Nassarawa. Orí ilẹ̀ Gbágyì ni wọ́n wà, Háúsá sì ni gbogbo wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kontagora ni ó tún ṣẹlẹ̀ níbí ní ọ̀nà mìíràn. Kò sí ìjọba Gbágyì tí ó ti sọ èdè onílé di èdè ńlá kí àlejò tó dé. Háúsá tí àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ojú irin ti gbọ́ ni gbogbo ẹ̀yà wá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ ìbílẹ̀ àti àlejò

Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 1976, ìjọba ológun kéde Ìpínlẹ̀ Niger, Minna sì di olú ìlú rẹ̀. Ní oṣù kan náà ni a gba ilẹ̀ fún olú ìlú orílẹ̀-èdè tuntun. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà jẹ́ ti Gbágyì, ara Ìpínlẹ̀ Niger sì ni a ti gé èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn tí ó ti gun òkè nítorí ẹlẹ́ṣin wá rí i pé ìwé àṣẹ lè dé ibi tí ẹṣin kò dé.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tuntun ti wọ ilẹ̀: ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni ọ́? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 147, sọ pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ yan mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ète òfin náà dára, kí ẹ̀yà ńlá má baà jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké Ìpínlẹ̀ Niger, tí wọn kò ní ọba ńlá tí yóò gbẹnu sọ fún wọn, nílò irú ààbò bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí bàbá bàbá rẹ̀ bá ojú irin wá sí Minna, tí a bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tí a bí òun náà síbẹ̀, àlejò ni òfin ń pè é. Bí ó bá lọ sí Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí, ó lè má mọ ẹnìkan níbẹ̀. Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Kí ni kí a wá sọ fún ẹni tí àjò ti di ilé fún?

Bí a bá ka ìtàn tí ó wà lókè yìí, a óò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìran Yorùbá ni Konu, ó sì di ọmọ Bídà, nítorí pé ìjọba ìgbà yẹn ń gba ènìyàn mọ́ra bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ipá ni ó fi kó o wá. Ìjọba òde òní kò fi ipá kó ẹnikẹ́ni wá sí Minna, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yà baba ńlá sí ọmọ lórí ìwé, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba àtijọ́ ń pa ẹ̀yà rẹ́, tòde òní sì ń gbé e dì. A kò sọ pé kí a padà sí ti àtijọ́, nítorí pé ẹkún ẹrú pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ó kọ ohun tí ọwọ́ ìjọba kọ.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwòrán èdè Ìpínlẹ̀ Niger jẹ́ àwòrán ìjọba rẹ̀ àtijọ́. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Tápà fi hàn bí ìjọba tí ó pẹ́ ṣe ń sọ púpọ̀ di ọ̀kan. Òkè Gbágyì àti ti Kàmúkù fi hàn bí ìsásẹ́yìn fún ìjọba ṣe ń pa ẹ̀yà kéékèèké mọ́. Minna fi hàn bí ìjọba amúnisìn àti èyí tí ó tẹ̀lé e ṣe kó gbogbo wọn jọ, tí ó sì pín wọn sí ọmọ ìbílẹ̀ àti àlejò.

Iṣẹ́ kan wà tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn agbébọn ti ń tú àwọn abúlé Rafi, Shiroro àti Mariga ká. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan kó ní Kagara. Òkè tí ó gba àwọn ẹ̀yà kéékèèké là lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin Kontagora kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbọn. Àwọn tí ó sá ti di èrò Minna àti àwọn ìlú mìíràn tí Háúsá ti jẹ́ èdè ọjà. Bí ọmọ wọn bá dàgbà síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Ura tàbí Fungwa má ní ẹni tí yóò máa sọ ọ́ mọ́. Àìsí ààbò ìjọba ni yóò pa àwọn èdè tí ìsásẹ́yìn fún ìjọba dá sí.

Nítorí náà, a rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti ti ìtàn ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa pé kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà wọ̀nyí níbi tí wọ́n sá sí, kí wọ́n gba èdè wọn àti ìtàn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọmọ Gbágyì tàbí ọmọ Kàmúkù nìkan. Ìwé tí Crowther kọ ni ó jẹ́ kí Yorùbá ní ohùn kan lónìí, òun kan náà ni ó sì kọ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Tápà jáde ní 1864. Kò dúró de ọmọ Tápà kí ó tó ṣe é.